Ta ni àmì ẹ̀yẹ tọ́ sí lórí ọ̀rọ̀ pàǹtí àti àtúnlò ní àdúgbò yín?

Ọmọ Kúdẹtì
Mo kí gbogbo ilé o. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìbàdàn ń múra ìpàdé òpin ọdún sílẹ̀, wọ́n sì ti pinnu pé lọ́dún yìí àwọn yóò fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹnì kan lọ́lá nítorí ipa tí ó kó nínú dídín pàǹtí kù àti títún nǹkan lò. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀: alága wa, tí ó bá àwọn akólẹ̀ dúnàá-dúrà títí ọkọ̀ wọn fi ń wọ àdúgbò, olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé láti ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí yòókù, àti màmá onígò, tí ó ti ń ra ìgò àti páálí lójúlé dójúlé kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó kọ́lé síbẹ̀. Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, mo fẹ́ gbọ́ ìrírí yín. Ta ni ẹ mọ̀ tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé wọ́n yẹ́ ẹ sí, kí ni ó sì tìdí rẹ̀ yọ?

Akọ̀wé Ìkirè
Màmá onígò ni. Kí ni ẹ tún ń dìbò lé lórí?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tí a gbé kí a tó kó lọ sí ilé tiwa. Màmá kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣa ọ̀rá píọ̀-wọ́tà. Bí ó bá ti ṣà wọ́n jọ, yóò fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ wọn, yóò fọ iyanrìn inú wọn kúrò nínú ọpọ́n, yóò sá wọn sórí okùn bí ẹni sá aṣọ ọmọ tuntun, nígbà tí wọ́n bá sì gbẹ tán, yóò kì wọ́n sínú àpò ìrẹsì, yóò gbé wọn lọ fún àwọn tí wọ́n ń yọ́ ọ̀rá ṣe ike mìíràn. Gọ́tà ọ̀nà wa kì í dí nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó fà á. Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga, wọ́n pe oníròyìn, wọ́n sì gbé àmì ẹ̀yẹ lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ nítorí pé ó gbé àwọn garawa ìdalẹ̀sí kalẹ̀ sí oríta, tí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí wọn lára. Bí a ti ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni màmá ń bẹ̀rẹ̀ káàkiri abẹ́ àga wa, tí ó ń ṣa ọ̀rá omi tí àwọn àlejò mu tán tí wọ́n sọ sílẹ̀.

Akọ̀wé Ìkirè
Orúkọ gàdàgbà yẹn ni ó dùn mí jù.

Oníyèméjì
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n irú ìtàn báyìí máa ń gún régé jù lójú mi. Ṣé nínú gbogbo èrò yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó fún màmá ní nǹkan?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta
Wọ́n fún un ní nǹkan. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n fún un, nínú ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wá fòfin dè ní oṣù kìíní ọdún 2024. Nígbà tí ó jẹun tán, ó ń yí ike náà wò lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ nù, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí a dà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ni kò sí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Oníyèméjì
Ó dára, mo ti gbà báyìí. Ẹni tí ó ń parọ́ kò ní rántí ike.

Ọmọ Èkó Gidi
Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ òfin yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ pé àwọn olóúnjẹ òpópónà wa kò jáwọ́ nínú ike, ike líle ni wọ́n kàn gbà dípò, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kún owó oúnjẹ. Ẹni tí ó ní kí a gbé abọ́ wa wá láti ilé, òun ni ó yẹ kí wọ́n dá lọ́lá.

Ìyá Ọlọ́lẹ̀lẹ̀
Àwa tí a kò fi ewé sílẹ̀ láti ìgbà ìyá wa ńkọ́? Ewé eéran ni mo fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín títí di òní, bí oníbàárà bá sì jẹ ẹ́ tán, ewúrẹ́ ni yóò palẹ̀ ewé mọ́. Nígbà tí àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀rá se é bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ará oko ni wá. Ní báyìí tí gbogbo gọ́tà ti dí, ẹ ń wá ẹni tí ẹ ó fún ní àmì ẹ̀yẹ.

Ọmọ Èkó Gidi
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ewé náà kì í ha í ṣe pàǹtí ni? Ẹ dé ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọjà kí ẹ wo òkìtì rẹ̀.

Bàbá Òkè-Àdó
Ewé a máa jẹrà, ọ̀rá kì í jẹrà. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn, ọmọ mi. Ọjà Bódìjà níbí ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sí, kí wọ́n lè sọ ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi kún un. Mo wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gbé ilé, tí ó gbé ọkọ̀, tí ó sì gbé èèyàn lọ. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti kọ́lé sí etí odò, a sì ti da ilẹ̀ sínú rẹ̀ débi pé omi kò rọ́nà gbà. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Kí ti àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, àwọn wolé-wolé wà tí wọ́n máa ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, tí wọ́n sì máa ń yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Èpè ni a máa ń gbé wọn ṣẹ́. Bí àmì ẹ̀yẹ bá wà fún òkú, àwọn ni ó tọ́ sí.

Oníyèméjì
Bàbá, àwọn wolé-wolé tí mo gbọ́ nípa wọn a máa gba rìbá. Ìbẹ̀rù kọ́ ni ó ń mú kí ìlú mọ́. Ní ọdún 2016 ni Èkó dá ìsémọ́lé ìmọ́tótó àárọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù dúró, bẹ́ẹ̀ ìlú kò parẹ́.

Bàbá Òkè-Àdó
Ìlú kò parẹ́, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ́?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta
Sátidé yẹn gan-an, ẹrẹ̀ gọ́tà ni wọ́n ń kó jáde tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kan náà, òjò Mọ́ńdè a sì gbá a padà síbẹ̀.

Ọmọ Èkó Gidi
Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìrírí. Ìgbà tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni wọ́n ń gùn wọ àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wọ̀, wọ́n ń gba ike, agolo àti ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn ará ilé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń fi máàkì ránṣẹ́ sí orí fóònù ẹni tí ó kó o wá, èyí tí èèyàn lè fi gba nǹkan ìlò nígbà tí ó bá pọ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n gba ẹ̀bùn King Baudouin ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú mi ń wò ní àdúgbò wa ni àǹtí kan tí ó sọ ilé ara rẹ̀ di ibi tí gbogbo wa ń kó ike sí. Ó kọ́ wa pé kí a da omi inú ike nù, kí a yọ ìdérí rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí pé ike ìdérí yàtọ̀ sí ike ara ìgò, kí a sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí àpò lè gba púpọ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó pè é sórí pèpéle.

Tíṣà Òṣogbo
Ẹ má gbàgbé àwọn oníyanrìn o! Nígbà tí a ṣètò pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa kó ike wá sí iléèwé, àpò òbí kan wúwo ju ti gbogbo kíláàsì lọ. A dà á sílẹ̀, a bá iyanrìn àti òkúta nínú ike. Òun ni ó sì kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọn yóò pín ẹ̀bùn.

Akọ̀wé Ìkirè
Ẹ fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìwakùsà.

Oníyèméjì
Ní tèmi, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ń ti ọmọlanke kiri tí wọ́n ń pe kóńdẹ́mù, ìkòkò tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń bá lọ.

Tíṣà Òṣogbo
Olè wà nínú gbogbo iṣẹ́, a kì í sì í tìtorí rẹ̀ bú gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ojú tí a fi ń wò wọ́n lè di ohun tí ó burú ju èébú lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni àwọn aṣàpàǹtí kárí ayé fi ń ṣe ìrántí, nítorí pé ní ọjọ́ náà ní ọdún 1992, ní ìlú Barranquilla ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, wọ́n tan àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga kan pé kí wọ́n wá ṣa páálí àti ìgò, wọ́n sì pa mọ́kànlá nínú wọn. Ẹni tí ó yè é ni ó sá jáde lọ sọ.

Oníyèméjì
Èyí wúwo. Ṣùgbọ́n ìkòkò mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Akọ̀wé Ìkirè
Ní Gáḿbíà, ní abúlé N'jau, Isatou Ceesay àti àwọn obìnrin díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọdún 1997, wọ́n ń fi hun àpò owó. Orúkọ rẹ̀ ti wá kan gbogbo ayé báyìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ́ sí léèrè ohun tí ó ń fẹ́, kí ẹ má kàn gbé gíláàsì fún un.

Ọmọ Kúdẹtì
Mo ti bi màmá onígò léèrè ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ní òun kò kọ àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ohun tí òun ń fẹ́ ni ààyè tí ó wà lẹ́yìn ilé ọlọ́dẹ, kí òun ta páànù sí i, nítorí pé bí òjò bá ti pa páálí, àwọn tí ń rà á kì í san ju ìdajì owó rẹ̀ lọ. Alága ní ibẹ̀ ni àwọn àlejò òun ń gbé ọkọ̀ sí.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta
Mo mọ̀ pé yóò já síbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́lẹ̀lẹ̀
Ọmọ Kúdẹtì, ta ni yóò se oúnjẹ ọjọ́ ìpàdé náà? Bí ẹ bá fẹ́ mọ́ínmọ́ín ẹléwé, ẹ tètè sọ fún mi, nítorí pé ewé ti gbówó lórí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí, n kò sì ní í gbà á ní iye ti ọ̀rá.