Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò mi ní Ìkòròdú: wọ́n ti san owó rẹ̀

Ẹ kú ìdúró. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ilé búrẹ́dì kan lápá Odógùnyán ní àbúrò mi ló jẹ́ kí fúláwà bàjẹ́, wọ́n gé ìdajì owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ lọ́jọ́ náà. Mo wá béèrè níbí bóyá òfin gbà bẹ́ẹ̀.

Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n wo abala 5 nínú Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ ṣeun gan-an. Àfi kí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kó ṣàìbìkítà, kí aṣojú ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé, kí ọ̀gá tó lè gé owó rẹ̀. Abala 11 ní tiẹ̀ sọ pé ẹni tó ti lé ní oṣù 3 àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan ni kí wọ́n fi ṣáájú sọ fún un kí wọ́n tó dá a dúró.

A kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà. Alhaja tó ni ilé búrẹ́dì náà pariwo pé ọmọ àná ń kọ́ òun lófin (ọmọ àná tó ń gbé àpò fúláwà fún un!), ṣùgbọ́n akọ̀wé rẹ̀ kà á, wọ́n sì san ìyókù pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀ kan.

Àbúrò mi kò padà síbẹ̀. Níbi tuntun, ó ti ní kí wọ́n kọ àdéhùn iṣẹ́ òun sílẹ̀. Oṣù 3 látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin fún wọn láti kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ibi tẹ́ ẹ lè lọ: Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí irú aáwọ̀ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.