Oyin ìsọmọlórúkọ: nọ́ọ̀sì kọ̀, Mọ̀mí ń bínú

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, Leeds: Èkìtì kete, ẹ kú ilé o. Sátidé yìí lọmọ wa pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mọ̀mí gbé oyin ìgàn bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, nínú ike omi. Ó dúdú, ìda ṣì léfòó lókè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ rí i lórí tábìlì, ó ní kò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu títí á fi pé ọdún kan. Mọ̀mí fajú ro. Kí lẹ ṣe nígbà tiyín?

Bùọ̀dá Ìjerò, Toronto: Gbogbo wa la lá a, ta ló ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé, Houston: Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ọmọ tó bá ṣe, ẹ̀rọ ni wọ́n lè fi máa bá a mí. Kòkòrò kan, Clostridium botulinum, máa ń sùn nínú oyin bí irúgbìn. Nínú àgbà, kò ní ráyè hù. Nínú ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12, ó lè hù kó sì máa tu májèlé. Ọmọ ò ní lè yàgbẹ́, igbe rẹ̀ á rẹlẹ̀, ọrùn á rọ jọwọlọ, kò ní lè fa ọmú dáadáa. Ẹ má sè é o, iná ìdáná ò pa á. Ti inú ṣọ́ọ̀bù náà, bákan náà ni.

Ìyá Ìbejì, Dublin: Èmi àti bàbá wọn la lá oyin tiwa. Bàbá àgbà gbé àwo sókè, wọ́n ní “ayé yín á dùn bí oyin”, wàrà ọmú mi ni wọ́n wá fi kan àwọn ọmọ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Ha! Ìyẹn dáa. Ìyókù oyin ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé: Ikọ́! Láti 2019 ni ìlànà ìṣègùn ti ọ̀dọ̀ yín gan-an ti ní kí àgbà àtọmọ tó ti ju ọdún kan lọ kọ́kọ́ lo oyin. Síbí kan, pẹ̀lú atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó ṣọ́ra, ṣúgà ni. Ẹ má dà á sójú egbò o. Èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù, wọ́n ti fi ìtànṣán pa kòkòrò inú rẹ̀.

Bùọ̀dá Ìjerò: Èmi, orógbó rírin ni mo máa ń pò mọ́ tèmi.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Mo ti ka ti Ìyá Ìbejì fún Mọ̀mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ló máa kọ́kọ́ lá a.