Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìwé ìrántí àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa tó ti kú

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Àwa tá a jọ jáde ní UI fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan láti fi rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti ṣaláìsí, èmi ni wọ́n sì gbé e lé lọ́wọ́. Ti àwọn gbajúmọ̀ kì í nira, ẹ wo Grace Alele-Williams tí wọ́n jẹ́ ọmọ UI àtijọ́, àwọn lobìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní UNIBEN lọ́dún 1985, nígbà tí wọ́n kú ní 2022 gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Ọ̀rẹ́ wa tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì lábúlé wá ńkọ́? Fọ́tò kan ṣoṣo la ní, bírò mẹ́ta wà lápò ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ìyàwó ẹ̀ ni kí n bi ni àbí àwọn tó kọ́?

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti ẹnì kan tó ka kẹ́mísìrì àmọ́ tó jẹ́ aṣọ òkè ló padà ń tà, ó fi kọ́lé, ó fi rán ọmọ níwèé, àwọn ọmọ náà ní ká má dárúkọ aṣọ títà rárá. Iṣẹ́ gidi nìyẹn lójú tèmi! Ṣé kí n gbọ́ tiwọn ni àbí kí n tún bẹ̀ wọ́n? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.