Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín láti Gwagwalada. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí orúkọ tó yẹ kí á fún iṣẹ́ tí olùkọ́ yunifásítì máa ń pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ software engineering (ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe sọ́fúwià, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò) ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Àbúrò wa tó ń kàwé ní Zaria ló béèrè. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù ìdí tí òun kò fi ní í wálé fún ọdún, ọ̀rọ̀ wá há a lẹ́nu. Bàbá wa láti Ìlọrin dáhùn pé ọ̀wẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní rárá, àáró ni. Ẹnì kan tún ní kí á kúkú pè é ní iṣẹ́ àṣetiléwá, kí á yé da ara wa láàmú. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i.

Àṣetiléwá ni kí á kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ohun tí ọmọ dá nìkan ṣe nílé tó sì gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àṣetiléwá. Èyí tí à ń sọ yìí máa ń gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń ṣe é ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ igi máńgòrò, lórí WhatsApp, lóru nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rọrùn díẹ̀. Nínú àwọn márààrún, ilé ta ni wọ́n ti ṣe é wá?

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló gba àròjinlẹ̀. Mo júbà wọn, nítorí pé àwọn ti ṣe ọ̀wẹ̀ rí, èmi kàn gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ ṣán oko ńlá ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ó pe ọ̀rẹ́, ó pe ẹbí, ó pe ẹni tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó se oúnjẹ, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni ilé náà. Bí òrùlé bá ń jò ní ọdún tó ń bọ̀, kò sí ẹni tí yóò lọ bi àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ léèrè.

Àáró sàn jù ú lọ díẹ̀, torí pé láàárín ẹgbẹ́ ni wọ́n ti máa ń ṣe é: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, iye iṣẹ́ tí o bá ṣe fún mi ni n óò san padà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, oko ẹnì kan ni gbogbo wọn wà. Àáró gidi wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ o: ẹ̀yí bá tọ̀hún wá àṣìṣe nínú kóòdù rẹ̀ lónìí, tọ̀hún bá ẹ̀yí ṣe ìṣirò lọ́la. Ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún ìyẹn, ó bá a mu rẹ́gí.

Wàyí o, ẹ wo iṣẹ́ tí à ń sọ. Ká ní wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ṣe áàpù kan fún ẹni tó ń ta oògùn ní Kubwa, tí yóò máa sọ fún un pé oògùn báyìí kù díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Ta ló ni iṣẹ́ náà nínú àwọn márààrún? Gbogbo wọn ni. Máàkì kan náà ni wọ́n jọ ń dúró dè. Bí áàpù náà bá ka ọjọ́ sódì, tí oògùn tó ti bàjẹ́ ń fi ara rẹ̀ hàn bí èyí tó dára, gbogbo wọn ni yóò jẹ́jọ́, títí kan ẹni tó jẹ́ pé àwọ̀ ojú áàpù nìkan ló yàn. Ọ̀wẹ̀ kò ní irú ìyẹn nínú.

Ìyàtọ̀ kejì ló ká mi lára jù, torí òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè rí. Iṣẹ́ tó ṣeé gé pín ni ọ̀wẹ̀ wà fún. Ebè 200, ènìyàn 10, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ 20, ó parí. Ẹni tó ń kọ ebè lápá òsì kò ní ohun kan tí yóò bi ẹni tó wà lápá ọ̀tún léèrè. Sọ́fúwià kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú áàpù oògùn yẹn, ẹni tó ń ṣe ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí kọ ọjọ́ sílẹ̀ pé 03/04. Ẹni tó ń ṣe ojú áàpù kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ẹni tó ń ṣe ìkìlọ̀ kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Kò sí ẹni tó ṣe ọ̀lẹ, kò sí ẹni tí kò mọṣẹ́, iṣẹ́ sì bàjẹ́. Ohun tí wọn kò jọ sọ ló bà á jẹ́.

Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ilé-iṣẹ́ IBM, ti kọ ọ́ láti 1975 pé bí iṣẹ́ sọ́fúwià bá ti ń pẹ́, tí ẹ bá tún kó ènìyàn kún un, ńṣe ni yóò túbọ̀ pẹ́. Àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò dúró kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín ènìyàn sí ènìyàn yóò sì máa di púpọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni mẹ́rin, ọ̀nà 6, ẹni márùn-ún, ọ̀nà 10, ẹni mẹ́wàá, ọ̀nà 45. A mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n àyà kan ni wọ́n ń sọ, gbogbo ọwọ́ ló sì mọ ibi tó wà. Olùkọ́ tó bá pín ọmọ 12 sí ọ̀wọ́ kan nítorí pé yàrá kún, ọ̀wẹ̀ ló ní lọ́kàn.

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ oko ń sá wọ ẹnu wa. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níhìn-ín ní gayya, tó jẹ́ pé wọn yóò pe ará àdúgbò jọ láti bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ tàbí láti tún ojú ọ̀nà ṣe, òun náà sì ni àwọn kan máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí mo bá béèrè. Ohun tó mú un yá lẹ́nu yé mi. Ìṣòro rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀wẹ̀.

Bàbá lè ní ṣebí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú kíláàsì, ọ̀wẹ̀ náà ni. Wọn kò purọ́. Nínú ọ̀wọ́ márùn-ún, ẹ ó rí ọ̀kan tó mọ kóòdù kọ, tó di onílé, àwọn mẹ́rin yòókù yóò máa bá a ra dátà àti súyà, orúkọ márààrún yóò sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ìdí gan-an nìyẹn tí n kò fi fẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ a máa ro ọmọ. Nígbà tí wọ́n pe àpérò NATO lórí sọ́fúwià ní Garmisch ní ilẹ̀ Jámánì ní 1968, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi "software engineering" ṣe àkòrí rẹ̀ kí ó lè ta àwọn ènìyàn létí, torí pé kò sí ẹni tó ń ṣe sọ́fúwià nígbà náà bí ẹni ń kọ́ afárá. Orúkọ ṣáájú, iṣẹ́ ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti ìgbà náà, kò tíì bá a pátápátá. Bí àwa bá wá fi ọ̀wẹ̀ pe iṣẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, a ti fún àwọn tó ń jẹ súyà níwèé àṣẹ. Àwọn yẹn, mo dábàá kí á máa pè wọ́n ní aforúkọsí. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn kò sí níbẹ̀.

Kí wá ni kí á pè é? Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ àjọṣe. Ìbá dára, àmọ́ àjọṣe ti ṣí kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé àjọṣe àwọn méjì kò dán mọ́rán mọ́, ẹ kò ní í rò pé iṣẹ́ ni wọ́n jọ ń ṣe. Ikọ̀ ni àwọn oníròyìn eré ìdárayá ń lò fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, kò sì burú bí a bá fi pe àwọn ènìyàn náà: ikọ̀ kìn-ín-ní, ikọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ikọ̀ dún létí mi bí iṣẹ́ tí wọ́n rán ìránṣẹ́. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni mo fara mọ́. Jùmọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ àlejò nídìí iṣẹ́ náà, kò sì sọ pé ẹnì kan ló ni ín. Bí ó bá jẹ́ èyí tó gba odindi sáà ẹ̀kọ́, kí á fi àkànṣe sí i: iṣẹ́ àkànṣe àjùmọ̀ṣe. Ó gùn, mo mọ̀. Àwọn ọmọ yóò gé e kúrú fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ń gé gbogbo nǹkan.

Apá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe nínú rẹ̀, ìpín ni, kò gba àríyànjiyàn. Gbèdéke wà fún ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́, ẹ̀ka wà fún branch, ìyẹn ẹ̀dà iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lọ́tọ̀ kó tó so ó mọ́ ti àwọn yòókù.

Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà inú kóòdù, tí Linus Torvalds ṣe ní 2005 fún iṣẹ́ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ni ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò gbàgbé ẹni tó ṣe nǹkan: gbogbo commit, ìyẹn àyípadà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn fi pamọ́ sínú rẹ̀, ló ní orúkọ àti àkókò lára. Bí ẹ bá tẹ git shortlog -sn, yóò to orúkọ àwọn ọmọ náà àti iye commit ẹnì kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń fi èyí ṣe òṣùwọ̀n ìpín, mo sì rò pé ó léwu. Ẹni tó yí àmì kan padà ní ìgbà ogójì lè borí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ronú kó tó kọ ohun tó ṣe kókó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní tiwa níhìn-ín, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ mẹ́ta lè máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí gbogbo iṣẹ́ wọn wá jáde ní orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Git yóò pe àwọn méjì yòókù ní aforúkọsí, wọn kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ìlà Co-authored-by sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ commit, pẹ̀lú orúkọ àti ímeèlì ẹni tí wọ́n jọ ṣe é, GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ Git sí, yóò sì fi ojú gbogbo wọn hàn. N kò mọ ìdí tí a kì í fi í kọ́ wọn ní èyí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó ku merge, ìyẹn kíkó iṣẹ́ ẹ̀ka méjì papọ̀, àti conflict rẹ̀, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ méjèèjì kò ti bára mu. Ẹnì kan dábàá ìjà níjọ́sí, òmíràn ní ìforígbárí. Kò sí ẹni tó ń jà. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ kan ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fáìlì, Git yóò so wọ́n pọ̀ láìbéèrè. Bó bá jẹ́ ìlà kan náà ni wọ́n yí padà sí ohun tí kò bára mu, yóò dúró, yóò to ti ẹni àkọ́kọ́ àti ti ẹnì kejì sí òkè àti ìsàlẹ̀ ara wọn, kí ènìyàn lè yan èyí tó yẹ. Ìtakora nìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì ló ń ta ko ara wọn. Ó ṣe pàtàkì láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún, torí mo ti rí àwọn tó bínú sí ara wọn lórí rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ pa iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ́.

Merge fúnra rẹ̀ ni n kò rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Ìdàpọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti dà pọ̀, bí epo àti ata nínú ọbẹ̀, kì í ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́, Git sì lè tú merge ká lọ́jọ́ kejì. Ìsopọ̀ sàn jù, àmọ́ a ti fi ń pe ohun tí fóònù ń ṣe bó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ìlọrin, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ aṣọ híhun dáadáa: kí ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń rán àwọn ìrépé aṣọ òkè mọ́ra kó tó di ìró?