Ẹ̀yin àdímíìnì, kí lẹ rí kọ́ lára dókítà ọpọlọ tí ẹ ń wò lórí fóònù?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni àdímíìnì gúrúpù WhatsApp àwa ìyá tí a fi iṣẹ́ abẹ bímọ, a lé ní igba níbẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ jòjòló kú mọ́ ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́. Ó fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi lóru, ẹkún ló ń sun, ó ní òun ò fẹ́ kí ọkọ òun mọ bó ṣe ká òun lára tó. Àánú ṣe mí, mo bá gbé fóìsì náà sínú gúrúpù àdúrà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dé etí ọkọ. Láti ọjọ́ náà obìnrin náà kò gbé ìpè mi mọ́, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àbúrò mi ló wá fi dókítà obìnrin kan hàn mí lórí Facebook, àìsàn ọpọlọ ló ń tọ́jú, Yorùbá ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan bi í lábẹ́ fídíò rẹ̀ pé oorun kì í kun òun, àyà òun ń já ṣáá, kí ló ń ṣe òun? Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè mọ̀ láti ibí. Ẹ lọ bá dókítà tó máa fojú rí yín. Ẹ má sọ jù báyìí lọ níbí, ojú pọ̀." Mi ò rí dókítà tó sọ pé òun ò mọ̀ níṣojú ẹgbẹ̀rún èèyàn rí. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ajíbọ́lá
"Ojú pọ̀." Mo ti gbé e o, gúrúpù ẹbí wa ló ń lọ yìí.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ọkùnrin ni dókítà tèmi. Ọjọ́ tó ṣàṣìṣe ló mú mi dúró tì í. Ó ń sọ ìtàn kan, ó pe ẹnì kan ní wèrè, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irú àìsàn yẹn ló ń ṣe ọmọ òun, pé ẹ̀rín yẹn gún òun lọ́kàn. Mo rò pé yóò pa kọ́mẹ́ǹtì ìyá náà rẹ́, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń ṣe. Ó gbé e sókè téńté, òun ni èèyàn kọ́kọ́ ń rí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá, ẹ jàre mi. Ẹ foríjì mí." Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni, mi ò bẹ akẹ́kọ̀ọ́ rí níṣojú kíláàsì. Lọ́sẹ̀ náà mo wọ gúrúpù àwọn ọmọ tí mo kọ́, mo bẹ ọ̀kan nínú wọn tí mo ti fi "Yaba Left", ìyẹn wèrè, bú níbẹ̀.

Kẹ́hìndé
Tísà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣùgbọ́n ṣé wèrè wá di èébú ni? Bí àwọn baba wa ṣe ń pè é nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Ẹnu tí a fi ń sọ ọ́ ni, Kẹ́hìndé. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá l'Ékòó ti wà, a wá fi orúkọ rẹ̀ ṣe èébú. Ẹni tó nílò ìtọ́jú á wá máa sá fún géètì. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò tiwa níbí, ní 1954 ni dókítà ọpọlọ nì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, ẹbí wọn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá mọ́ra.

Kẹ́hìndé
Oníṣègùn ìbílẹ̀ kẹ̀? Àwọn tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Gbogbo wọn kọ́ ló ń de èèyàn. Ó bá wọn ṣiṣẹ́, ó ti wà nínú ìtàn.

Aláṣọ Gbági
Èmi ò fọkàn tán àwọn dókítà orí fóònù. Ọjà ni wọ́n ń tà. "Ẹ sanwó kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀" ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ajíbọ́lá
Ẹ̀yin náà ń ta aṣọ lórí WhatsApp, mà. A ò torí ẹ̀ pè yín ní òpùrọ́.

Aláṣọ Gbági
Mi ò kọ́kọ́ sunkún fún yín kí n tó ta aṣọ.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Òótọ́ ni mà, irú wọn pọ̀. Èyí tí mò ń wò máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ìpolówó nìyí, wọ́n sanwó fún mi."

Ọlọ́kadà Ìlọrin
Èmi ni mò ń darí gúrúpù àwa ọlọ́kadà àdúgbò wa. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ pé, "Ó ti sú mi. Ẹ bá mi wo àwọn ọmọ." Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní kó lọ sùn. Mo rántí ohun tí dókítà kan sọ nínú fídíò, pé bí o bá bi èèyàn ní tààrà bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, kì í ṣe ìwọ lo fi èrò náà sí i lọ́kàn. Mo ti gúrúpù pa, mo pè é, mo bi í. Ó dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní kó má pa fóònù. Mo ki tèmi bọ abẹ́ akoto, mo gbé ọ̀kadà, à ń sọ̀rọ̀ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. A jọ jókòó títí wọ́n fi pe ìrun àsùbá, a sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń bi mí nínú gúrúpù pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ara rẹ̀ ti yá, ó parí síbẹ̀.

Aláṣọ Gbági
Omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á dá ẹ sí, ọmọ mi.

Ajíbọ́lá
Ìyẹn abẹ́ akoto yẹn… Ẹ ṣeun, bọ̀dá.

Kẹ́hìndé
Ṣé ẹ ò bẹ̀rù ọlọ́pàá? Ẹni tó bá gbìyànjú àtipa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan lábẹ́ òfin wa.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Ohun tó ń mú wọn fi í pamọ́ nìyẹn! Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 lé òfin àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò pa ti ẹ̀wọ̀n yẹn rẹ́. Ó ń bí mi nínú.

Ajíbọ́lá
Dókítà tèmi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èmi náà ti ń ti gúrúpù wa láago mẹ́wàá.

Tísà Fẹ̀yìntì
Bí ti ọlọ́kadà bá wà ní títì lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Ajíbọ́lá
Mo fi nọ́ńbà mi àti ti ẹni méjì mìíràn sókè, sà. Àdímíìnì náà gbọ́dọ̀ sùn.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹni tó ń sunkún kì í wá nọ́ńbà, ọmọ mi. Ibi tó bá ti rí èèyàn ló ń sọ ọ́ sí.

Aláṣọ Gbági
Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti lọ bá obìnrin yẹn nílé?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Lẹ́ẹ̀mejì, mà. Nígbà kejì ó yọjú lójú fèrèsé, kò ṣílẹ̀kùn. Mo tún ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n gbé oúnjẹ dání?

Aláṣọ Gbági
Ẹ má gbé nǹkan kan. Ẹ má sì mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Fóìsì náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti ní kí wọ́n pa á rẹ́ nínú gúrúpù àdúrà yẹn?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Áà. Rárá o. Mo ń lọ síbẹ̀ báyìí.