Ẹ má yọ "wá" kúrò nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Níbi tá a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tá ó máa lò fún iṣẹ́ ìròyìn, bọ̀dá wa kan ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìyẹn íntáfíù, ti gùn jù, pé ká kúkú máa sọ "ìbéèrè-òun-èsì". Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn, torí iṣẹ́ ìròyìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní Àkúrẹ́ níbí, inú ọ̀rọ̀ gígùn yẹn gan-an ni mo ti rí i kọ́.

Ẹ tú u wò: fi ọ̀rọ̀ wá ẹni lẹ́nu wò. Nǹkan kan wà lẹ́nu onítọ̀hún tá à ń wá. Ìbéèrè-òun-èsì ò ní wíwá kankan nínú, tíṣà béèrè, ọmọ iléèwé dáhùn, ó tán.

Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòmátì l'Ọ́jà Ọba. Mo kúnlẹ̀ kí mọ́mì kan, mo na fóònù sí wọn, mo ní "Mà, ṣé tòmátì ti wọ́n?" Wọ́n ní "Ó wọ́n." "Ṣé ó ń dùn yín?" "Ó ń dùn wá." Wọ́n sì ń ṣa tòmátì wọn lọ, wọ́n ń yọ èyí tó ti rọ̀ sínú ike kan. Mo ti fẹ́ máa lọ kí n tó sọ pé "Mà, àwọn tó wà nínú ike yẹn ńkọ́?" Haà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀! Wọ́n ní èṣà nìyẹn, àwọn tó ń se oúnjẹ tà ló ń rà á ní ẹ̀dínwó, pé tí lọ́rí tó ń kó o bọ̀ láti Òkè Ọya bá ti pẹ́ lọ́nà èṣà á pọ̀, èyí tó dáa ni wọ́n á wá bu owó lé kí owó wọn lè pé. Ìdí tó fi wọ́n tí mo ń wá kiri, inú ike yẹn ló wà.

"Ṣé" mú ìdáhùn kúkúrú wá, "ńkọ́" ló tú ọ̀rọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí "ìbéèrè tó ṣí" (open question) àti "ìbéèrè tó tì" (closed question) tí ẹnì kan dábàá ò fi wọ̀ mí létí, òyìnbó ló wà nínú ẹ̀. Èdè wa ti pín wọn tipẹ́: ṣé àti ǹjẹ́ wà lápá kan, kí, báwo àti ńkọ́ wà lápá kejì. Mo fara mọ́ "ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́" fún ti àkọ́kọ́ àti "ìbéèrè afàlàyé" fún ti ìkejì. Dípò afàlàyé, mo kọ́kọ́ ro "afọ̀rọ̀yọ", àmọ́ ó dà bí ẹni ń fọ̀rọ̀ yọni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wa ló dáa ká lò: ẹ rántí pé nígbà tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nárì, gbé ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn jáde l'Ábẹ́òkúta ní 1859, "ìròyìn" tó wà lẹ́nu aráyé ló lò.

"Ìbéèrè àtẹ̀lé" (follow-up question) tí wọ́n dábàá dáa, ká ṣáà mọ̀ pé ìdáhùn ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ìwé tá a kọ ìbéèrè sí látilé. Íntáfíù ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mi ò tíì rí. Mọ́mì yẹn sọ nǹkan kan, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú, "ọmọ mi, má gbé ìyẹn síta o", mo bá pa fóònù. Kí là ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? "Àṣírí" ti wúwo jù, "ọ̀rọ̀ abẹ́lé" sì ti di ti ẹbí. Kí lẹ máa ń pè é lọ́dọ̀ tiyín?