Yanrìn tó lọ́ra, yanrìn tó yára, tàbí awọ asẹ́: èwo ló yẹ ìlú kékeré?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó omi ìlú kékeré kan tí ènìyàn inú rẹ̀ tó 3,000, odò sì ni a ti ń fa omi. Bí a bá ka lítà 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a nílò lítà 300,000 lójúmọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú wa: yanrìn tí omi ń rọra gbà kọjá, yanrìn tí omi ń yára gbà kọjá lẹ́yìn tí a bá ti po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, àti awọ asẹ́ tí pọ́ǹpù ń ti omi gbà. Èwo ni kò ní sú wa lẹ́yìn ọdún méjì?

Èsì kìíní:
Ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú yanrìn tó lọ́ra, bí omi bá ń rìn ní 0.2 mítà ní wákàtí kan, omi tí ẹ sọ yìí yóò gba ojú yanrìn tó tó mítà onígun mẹ́rin 63, ẹ ó sì fi táǹkì kan kún un fún ọjọ́ tí ẹ bá ń tún èkejì ṣe. Yanrìn tó yára, ní mítà 5 ní wákàtí kan, kò ju mítà onígun mẹ́rin 2.5 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn álọ́ọ̀mù yóò kàn máa da ẹrẹ̀ gba inú yanrìn ni.

Lójú tèmi, èyí tó lọ́ra ló sàn. Ohun fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ̀ bí ikun máa ń hù sójú yanrìn rẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú rẹ̀ ló sì ń jẹ kòkòrò àrùn. Bí omi kò bá já geere mọ́, ẹ jẹ́ kí ó fà sísàlẹ̀ ojú yanrìn, kí ẹ fi ṣọ́bìrì họ sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 kúrò lójú rẹ̀. Yanrìn tó mọ́ ni ẹ ó bá lábẹ́. Ẹ má tíì fún ará ìlú ní omi rẹ̀ títí ohun yíyọ̀ náà yóò fi tún hù. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Hamburg, ní Jámánì, lọ́dún 1892, omi odò Elbe tí wọn kò sẹ́ ni wọ́n ń mu níbẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 8,000. Altona tó fara kàn án ń fa omi odò kan náà, ṣùgbọ́n ó ń fi yanrìn sẹ́ ẹ, irú àjàkálẹ̀ yẹn kò sì dé ibẹ̀.

Èsì kejì:
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, àmọ́ wọ́n fo ẹrẹ̀ kọjá. Bí omi bá rú ju 10 NTU lọ (NTU ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe rú tó) fún ọjọ́ pípẹ́, kíá ni ojú yanrìn tó lọ́ra yóò dí. Ẹ bu omi odò sínú ìgò lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Bí ẹrẹ̀ bá sọ̀ sílẹ̀ tí òkè rẹ̀ tòrò, òkúta wẹ́wẹ́ níwájú yanrìn, tí omi yóò kọ́kọ́ gbà kọjá, lè tó. Bí ó bá ṣì pọ́n, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ní ti awọ asẹ́, ihò rẹ̀ kéré ju bakitéríà lọ, ó sì ń dá kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Cryptosporidium dúró, èyí tí klorínì kì í lè pa. Kòkòrò yìí ló gba inú yanrìn tó yára kọjá ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1993, tó kó àìsàn bá nǹkan bí 400,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n awọ asẹ́ kò lè ṣe láìsí iná, kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, bí ó bá sì ya níbì kan, ojú lásán kò lè rí i. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ ó ṣì fi klorínì tẹ̀lé e.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé púpọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni a ní tó lè dúró tì í, ilẹ̀ kò sì wọ́n wa, nítorí náà yanrìn tó lọ́ra ni ọkàn mi ń fà sí, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ níwájú rẹ̀. A ó dúró de òjò kí a tó buwọ́ lùwé. Ìgò ti wà nílẹ̀.